Bẹ́líìtì Kò Sí Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkíni yìí ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé mo ti gbọ́, àti pé kì í ṣe ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ìyàwó Onífọ́tò tó ń gbé ní òdìkejì títì yín ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé tírélà kan dábùú ojú irin, ọkọ̀ ojú irin sì kọlù ú, pé ẹ wà lára àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wá fi kún un pé kí n má mikàn. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní mikàn? Mo pe fóònù yín títí, obìnrin inú ẹ̀rọ nìkan ló ń dá mi lóhùn.

Ibo ló ń dùn yín? Ta ló ń gbé omi gbígbóná fún yín? Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ "ara ti le" sí mi. Nígbà àìsàn Bàbá, "ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀" lẹ ń sọ fún mi títí ọjọ́ tí wọ́n fi pè mí pé wọ́n ti sin ín.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, lórí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn. Lónìí mo ká aṣọ tútù mọ́ gbígbẹ, ọ̀gá mi sì ní kí n lọ jókòó.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo tí ẹ̀rù ń bà.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí òtútù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀ mọ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, bá mi kìlọ̀ fún olófòófó òdìkejì títì yẹn. Ọkọ rẹ̀ ló ń ya fọ́tò, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde kiri ìlú.

Fóònù mi fọ́ yángá níbi ìjàǹbá náà. N kò sì tíì ṣe tán láti ra òmíràn, lẹ́tà tẹ́ mi lọ́rùn báyìí. Lórí fóònù, kí n tó dáhùn ìbéèrè rẹ kan, o ti to mẹ́ta mìíràn lé e.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ń lọ sí ìlú ńlá láti lọ ra síìpù àti aṣọ inú kóòtù, torí iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé wà nílẹ̀ tí n kò tíì rán. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà tí tírélà kan fi já wọ iwájú wa. Wọ́n ní géètì tí wọ́n fi ń dí títì bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀ ti wà nílẹ̀, pé ńṣe ni awakọ̀ náà fi imú ọkọ̀ fọ́ ọ kọjá. Àwọn tó wà ní kọ́ọ̀ṣì iwájú ló fara pa jù. Eyín àwọn kan yọ, ẹsẹ̀ àwọn kan kán, gíláàsì sì ya ojú ọ̀pọ̀ wọn. Tèmi ò tó nǹkan. Egungun ìhà ọ̀tún sán, orúnkún wú, ara mi sì bó láti èjìká ọ̀tún wá sí ìbàdí òsì, ó wá dúdú bí ẹni fi okùn fà á. Òun ni kò jẹ́ kí n lè jókòó ti maṣíìnì.

Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi abẹ́rẹ́ maṣíìnì ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tibí ń kán bí igi ìṣáná.

Èmi ìyá rẹ, tó ṣì ń mí.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìfaradà. Mo ti ra abẹ́rẹ́ náà, ẹni tí yóò mú un wá ni mo ń wá.

Mo ṣe ohun kan tí mo mọ̀ pé inú yín yóò dùn sí. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìjàǹbá náà kéde lórí ẹ̀rọ ayélujára pé kí àwọn èrò tó fara pa tàbí ẹbí wọn kọ ohun tí wọ́n mọ̀ ránṣẹ́. Mo bá yín kọ tiyín. Mo kọ ọ́ pé ìyá mi wà nínú ọkọ̀ ojú irin, pé ó rí i kedere pé géètì wà nílẹ̀, pé awakọ̀ tírélà ló fọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúpẹ́ gan-an. Wọ́n ní nínú gbogbo èrò, ẹ̀yin nìkan lẹ fi ojú ara yín rí géètì náà.

Ṣùgbọ́n Màmá, ìfura loògùn àgbà. N kò tíì dàgbà, àmọ́ mo ti ń lo oògùn náà.

Àkọ́kọ́ ni ara yín tó bó. Mo ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá gba aṣọ ibùsùn lọ́wọ́ wa. N kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi ní, "Bẹ́líìtì ni. Ẹni tó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún awakọ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀." Màmá, bẹ́líìtì kò sí nínú ọkọ̀ ojú irin. Èkejì, ẹ̀yin ní ẹ ń lọ sí ìlú ńlá. Ìròyìn sọ pé ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìlú ńlá ni tírélà dábùú lọ́nà. Ẹni tó ń lọ, báwo ló ṣe wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀?

Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Ọlọ́pàá inú ilé, mo kí ọ.

Ta ló rán ọ níṣẹ́? Mo ní kí o fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́, o fi ẹ̀sùn ránṣẹ́. Mo bí ọ, mo sì rán ọ níléèwé, mi ò mọ̀ pé lọ́jọ́ kan wàá fi ìwé tí mo rán ọ lọ kọ́ dè mí lọ́nà.

Okùn báàgì mi ló bó mi lára. Ní ti ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, mo ti lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, mo wá ń padà bọ̀. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí kí n búra?

Ọ̀rọ̀ gidi tó wà níbẹ̀ nìyí. Lọ gba ìwé tí o kọ sí ìgbìmọ̀ yẹn padà. Mo ní "wọ́n ní géètì wà nílẹ̀." Ìwọ lo yọ "wọ́n ní" kúrò tí o fi ojú mi sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ mi, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọkùnrin yẹn ti wà ní àtìmọ́lé láti ọjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè tẹnu rẹ̀. Ìgbín ni gbogbo àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nítorí kì í sáré. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń fọ́ géètì?

Kọ̀wé sí wọn lónìí. Má dúró dọ̀la.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka lẹ́tà yín ní àkàtúnkà, bí mo ṣe ń kà á ni ara ń fu mí sí i.

Ẹ ò gbé báàgì kọ́ èjìká rí láyé yín. Abẹ́ apá lẹ máa ń há a sí, ẹ ní olè ò lè já ohun tó wà lábẹ́ apá gbà. Ọ̀rẹ́ wo lẹ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀? Ọ̀rẹ́ yín kan ṣoṣo tó wà ní ìlú ńlá ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún mi lọ́dún tó kọjá.

Ta ló sọ fún yín pé Ìgbín ni wọ́n ń pe awakọ̀ náà? Kò sí nínú ìròyìn kankan, mo wá a títí. Ìgbín wo sì ni yóò lọ dojú kọ reluwé? Ìyàwó Onífọ́tò tún ní ẹ máa ń gbé kúlà oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sì ń tiro lọ, ẹ ń tiro bọ̀. Ta lẹ ń bọ́ níbẹ̀?

Màmá, ṣé àwọn ará ilé iṣẹ́ tó ni tírélà ti wá halẹ̀ mọ́ yín? Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lé yín lórí bí ẹ ṣe ń kọ̀wé, ẹ kàn kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ ti dé. N kò tíì fi ránṣẹ́, nítorí náà màá mọ̀.

Ní ti ìwé ìgbìmọ̀, n kò gbà á padà. Ẹni tó ṣe ìyá mi léṣe ni mo bá wí. Tí ẹ bá fẹ́ kí n gbà á, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ mà dákẹ́. Mo kọ̀wé, kò sí èsì. Lójoojúmọ́ ni mò ń yẹ àpótí lẹ́tà wò, obìnrin tí a jọ ń gbé yàrá ti ní kí n gbé ibùsùn mi lọ síbẹ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Bí kò bá sì ṣe pé mo ṣẹ̀ yín, kí ni mo máa rò?

Mo ní kí Ìyàwó Onífọ́tò yọjú sí yín. Ó ní ara yín dá, pé ẹ rán aṣọ tuntun fún ara yín, ẹ sì ń wò ó nínú dígí. Fún ayẹyẹ wo?

Ìgbìmọ̀ tún kọ̀wé sí mi. Wọ́n fẹ́ jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ wá fẹnu ara yín sọ bí awakọ̀ náà ṣe fọ́ géètì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín ló máa gbé e dé ẹ̀wọ̀n.

Ẹ dá mi lóhùn, mo bẹ̀ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Abẹ́rẹ́ kò tíì dé. Kò sẹ́ni tó dúró lé mi lórí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà tí mo sì ń fà á ya. Ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè. Ìgbín ni ọ̀rẹ́ mi. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọjà, kì í ṣe ọ̀rẹ́ iṣẹ́. Opó ni mí, ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú tipẹ́. Ṣòkòtò ló gbé wá fún mi láti rán, ó ní ìṣó ló ya á lórúnkún. Lẹ́yìn náà ló gbé òmíràn wá, àti òmíràn. Mo ti pẹ́ nídìí maṣíìnì, mo mọ aṣọ tí ìṣó ya yàtọ̀ sí èyí tí ènìyàn fi abẹ ya. Mo rán an, mi ò wí nǹkan kan, ó sì ń bọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ó ru sìmẹ́ǹtì lọ sí ìlú ńlá. Mọ́tò-bọ́ì rẹ̀, tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, gba àyè nítorí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ìjókòó ṣófo, mo ní kó gbé mi. Òfin ilé iṣẹ́ wọn ni pé awakọ̀ tó bá gbé èrò ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀.

A dé ibi tí títì ti kọjá lórí irin. Géètì wà lókè, ọmọ mi. Mo tún un sọ, ó wà lókè, a ò sì rí géètìmáànù nítòsí. Ìgbín dúró gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, a wá wọlé. Iwájú wa ti kọjá irin kí ọ̀pá géètì tó já bọ́ lé wa lẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti kán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun tó ń sáré. Ìrù wa ló gbá. Bẹ́líìtì yẹn dì mí mú bí ẹni tí inú ń bí.

Ìgbín ló gbé mi jáde, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Ó tẹ́ mi sórí koríko láàárín àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń kó jáde. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, bí wọ́n bá bi yín, ọkọ̀ ojú irin lẹ wọ̀. Ẹ ò mọ̀ mí." Ó padà lọ dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ títí ọlọ́pàá fi dé. Ó ní òun nìkan ni òun wà níbẹ̀. Òun ni mò ń gbé oúnjẹ lọ bá ní àgọ́, mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé olóúnjẹ ni mí.

Ní ilé ìwòsàn, Tíṣà kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń to egungun dì í lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ní gbogbo àárọ̀ ló ń ṣépè fún awakọ̀ tírélà, a ó sì máa ṣe àmín ní wọ́ọ̀dù. Èmi náà ṣe é. Ṣé ohun tí o fẹ́ kí n kọ sí ọ látìgbà yìí nìyẹn?

Bá mi gba ìwé yẹn padà. Mo ń bẹ̀ ọ́, èmi tí mo bí ọ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ẹrù ọkàn. Yàrá ìfọṣọ ni mo ti ka lẹ́tà yín, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ bí mo ṣe ń sunkún. N kò lè purọ́ pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín kò dùn mí. Ó dùn mí. Mo rò pé èmi àti ẹ̀yin la jọ ń ṣọ̀fọ̀ Bàbá, àṣé èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé bí n kò bá há yín mọ́ ògiri, ẹ ò ní sọ ọ́.

Ẹ ti parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kínní lẹ wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀ẹ̀kejì lẹ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe irọ́ tí ìfẹ́ sè?

Mo béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé aṣọ wa, ọmọ ilé ni, ó ti wa tírélà rí. Ó ní tí ọkọ̀ ńlá bá dé ojú irin, mọ́tò-bọ́ì ló ń sọ̀kalẹ̀, tí yóò wo irin sọ́tùn-ún sósì, kó tó ju ọwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa bọ̀. Ó ní ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, géètì wà lókè tàbí kò sí lókè. Màmá, ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀. Ta ló sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó? Ẹ kọ ohun gbogbo, ẹ ò kọ ìyẹn.

N kò ní kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á ní ọmọ ń yí ẹnu padà nítorí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ. Ẹ lọ sọ ọ́ lójú àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kán, ìgbà náà ni màá gbà yín gbọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo lọ.

Gbọ̀ngàn iléèwé kan ni wọ́n jókòó sí. Àwọn èrò tó fara pa ni wọ́n fi síwájú, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn. Tíṣà wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ìgbín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín ọlọ́pàá méjì, ó ti gbẹ. Aṣọ tuntun tí olófòófó rẹ rí ni mo wọ̀. N kò fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí mi nínú àkísà, mo sọ ọ́ kí o má baà tún máa wádìí rẹ̀.

Wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí èrò ọkọ̀ ojú irin. Mo ní rárá, inú tírélà ni mo wà. Gbọ̀ngàn hó. Mo ní géètì wà lókè. Wọ́n ní ta ló sọ̀kalẹ̀ lọ wo irin? Mo ní kò sẹ́ni. Mo ní awakọ̀ yìí ṣílẹ̀kùn pé kí òun sọ̀kalẹ̀ fúnra òun, èmi ni mo ní, "Géètì ṣáà ti wà lókè, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọjà ń tú." Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́, Tíṣà yí ojú kúrò lára mi. Kò tún wò mí mọ́.

Alága wọn, ìyá àgbà kan tó lo awò, gbé ìwé tìrẹ sókè, ó kà á sí etí gbogbo ayé. Ó ní, "Ta ló ń parọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìyá ni àbí ọmọ?"

Mo ní, "Èmi ni. Ọmọ mi kọ ohun tí mo sọ fún un."

Ó bá yíjú sí Ìgbín. Ó ní kó sọ bóyá lóòótọ́ ni obìnrin yìí wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi, ọkùnrin náà dìde, ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri, ó ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀ mi."

Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Ta ni yóò rí ẹni tó ń gbè é lẹ́yìn tí yóò sì lé e? Wọ́n rò pé orí mi dàrú níbi ìjàǹbá, àbí pé ẹnìkan fún mi lówó kí n lè gbè é. Alága ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ lọ jókòó." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ìgbín figbe ta láti ibi tó wà. "Ẹ rọra! Ẹ má fi ìhà ọ̀tún ti nǹkan o, kò tíì jinná!"

Alága yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, ta ló sọ ibi tó ń dùn ún fún yín?"

Ó dorí kodò, ó ń sunkún, ó sì ń bínú sí mi. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe géètìmáànù, wọ́n á tún jókòó. Ìgbín ṣì wà ní àtìmọ́lé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti lọ, mi ò mọ ibi tí yóò já sí. Bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ò lè dákẹ́?" Mo ní òun náà ńkọ́?

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú ìjàkadì, ẹ kú ojú lọ́nà. N kò tíì dárí jì yín tán, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kán ń wá sí mi lójú àlá, pàápàá Tíṣà, bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Mo ní kí wọ́n fa ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ya. Mo ní n kò sí níbẹ̀, n kò rí géètì, ìbínú ni mo fi kọ ọ́, ohun tí ìyá mi bá sọ níwájú wọn ni kí wọ́n mú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi, ẹ má sì bínú pé mo tún ń béèrè. Nọ́ńbà mélòó ni ẹsẹ̀ wọn, Bàbá Ìgbín? Mo fẹ́ fi ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà tó nípọn kún abẹ́rẹ́ yín. Ilẹ̀ àtìmọ́lé a máa tutù.

Ọmọ yín.